Físíìsì ní Àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Òṣogbo, yàrá kan wà tí wọ́n kọ "Físíìsì" sí ojú ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àga tó ti kán ni wọ́n kó kún inú rẹ̀ dé àjà. Nígbà tí ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, olùkọ́ wa ya dígí nínípọn kan sójú pátákó, ó fi ẹfun ya abẹ́rẹ́ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí á fojú inú wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ bó bá gba inú dígí náà kọjá. Lẹ́yìn náà ló kọ àwọn nọ́mbà tó yẹ kí á rí síbẹ̀, a sì dà wọ́n kọ. Mo gba máàkì tó dáa lórí dígí tí mi ò fọwọ́ kàn rí. Inú ṣì ń bí mi sí i títí dòní.

Èmi àti ìbínú yẹn la jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Dubai. Iṣẹ́ sìkiọ́rítì ni mo bá wá. Nínú àwa tí a jọ dé, ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀, ẹnì kan fẹ́ fẹ́yàwó, àwọn yòókù fẹ́ ti ibẹ̀ já lọ sí Kánádà. Bí wọ́n bá bi èmi léèrè, mo máa ń sọ pé físíìsì ni mo fẹ́ kà. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí Pùrọ́fẹ́sọ̀ bá àwọn gbé omi sórí iná.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Al Quoz ni wọ́n gbé mi lọ. Gééètì méjì ló ní: ọ̀kan níwájú fún tírélà tó ń wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn fún èyí tó ń jáde. Iwájú ni èmi wà. Láti ibi tí mo ń jókòó sí, mo máa ń rí fọ́ọ̀kílífùtù tó ń gbé ẹrù gòkè sórí àgbékà, ẹrù tó ga ju ènìyàn méjì lọ, ọkọ̀ náà kì í sì í dojú dé. Mo bi awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Pakistan kan, pé kí ló dé tí kì í fi í ṣubú síwájú. Ó ní, "My friend, company make like this." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ rò ó, àti ìṣirò tó ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ láti sọ fún awakọ̀ pé kó gbé e. Ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ìfẹ́ ìwé ẹ̀rí. Ó dà bí ebi, irú ebi tí èèyàn máa ń jẹun tán tí kò ní lọ.

Rolla ní Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, ni mò ń gbé, nítorí ilé ibẹ̀ kò wọ́n bíi ti Dubai. Bedspace ni mo gbà, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo nínú yàrá tí àwa mẹ́fà ń gbé. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn ló ń sùn ní ìsàlẹ̀, èmi ń sùn lókè. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ń ṣọ́ gééètì ẹ̀yìn níbi iṣẹ́ wa, nítorí náà a jọ ń jí, a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì, a jọ ń wọ metro, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin Dubai, a sì tún jọ ń padà wá bá ariwo ẹ̀rọ amúlétutù kan náà. Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Ọmọ ìyá ìjọ ni èmi.

Àdéhùn kan wà láàárín àwa méjèèjì tí a kò bá lọ́yà ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ẹ̀gbọ́n bá lọ kírun, èmi á máa wo gééètì méjèèjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà á máa wo méjèèjì títí màá fi dé lọ́sàn-án. Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wa. Ọ̀gá wa, ọmọ Íńdíà kan tí kì í fẹ́ wàhálà, ti ní kò kan òun: "Gate empty, problem. Gate not empty, no problem. Khalas," ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìyá mi ló wá fi èdìdì di àdéhùn náà. Aránṣọ ni wọ́n ní Òṣogbo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ilẹ̀ Lárúbáwá máa gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ mi, ni wọ́n bá ní kí n gbé fóònù fún ẹni tí a jọ ń gbé. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n béèrè ilé ara wọn, wọ́n wá rí i pé àǹtí ẹ̀gbọ́n kan ti rán aṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi rí. Ọ̀rọ̀ di ti ẹbí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà níbí, ọmọ yín ò ní pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Mo ṣèlérí fún yín." Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń pè wọ́n ní Alájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì dé Mẹ́kà.

Bí Mùsùlùmí kan láti Ìṣẹ́yìn ṣe di ẹni tó ń jí mi lọ sí ìsìn nìyẹn. Wọ́n á ti kírun àsùbá tán, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì mi láti ìsàlẹ̀, wọ́n á ní, "Dìde, Kìrìsìtẹ́nì. Jésù ń dúró dè ẹ́." Tó bá di ọ̀sán, ìyá mi á pè láti béèrè ibi tí wọ́n kà nínú Bíbélì àti ohun tí wọ́n wàásù lé lórí. Bí ìdáhùn mi bá ń fà, wọ́n á bi Alájì.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà ní Sharjah, kò jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń já wa sí ní Rolla. Àwọn òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á kọ́ èèyàn fún ọdún bíi méjì, lẹ́yìn náà ni yunifásítì á gbà á, tí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní àjọṣe pẹ̀lú yunifásítì kan ní Dubai tó ní dìgírì kan tó so físíìsì àti iṣẹ́ ẹnjiníà pọ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, tí ó sì ṣeé ṣe fún ẹni tó ń ṣọ́ gééètì, mi ò lè jẹun. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n yan ohun tí màá kọ́. Wọ́n ti lọ sí pólì nílé kí wọ́n tó wá, nínú yàrá tiwa sì rèé, ẹni tó bá ti lọ sí pólì ni ọ̀gá àgbà yunifásítì. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, wọ́n là á yé mi.

"Direct entry nìyẹn," ni wọ́n wí. "Wò ó, àbúrò, unit ni àwọn èèyàn yìí máa kà. Ṣáà ti kó unit jọ. Èyí tó bá ti rọrùn, tó bá ti bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, mú un. Tó o bá débẹ̀, wọ́n á kàn gbé ẹ sókè straight. Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé lóòótọ́. Dípúlómà lódindi ni wọ́n ń wò, tó bá ti dáa, wọ́n á gbé ẹ fo ọdún àkọ́kọ́. Gbogbo ará yàrá ló kín ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Ẹnu àgbà lobì ń gbó sí, mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, mo kọ́ kọ̀ǹpútà, mo kọ́ nípa òwò ṣíṣe, mo sì kọ́ físíìsì kan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, èyí tí kò ní láàbù, tí ìṣirò inú rẹ̀ kò sì le. Mo yege nínú gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n ra ṣawámà fún gbogbo yàrá, wọ́n ń sọ fún àwọn tí kò béèrè pé àbúrò àwọn ti fẹ́ di ẹnjiníà.

Nígbà tó ku ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún kan kí kọ́ńtíráàtì mi parí ni obìnrin tó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Lẹ́bánónì ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní mo ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ́ kò sí lójú ọ̀nà tí mò ń lọ. Yunifásítì kì í wò ó lódindi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú un wò.

Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní kálíkúlọ́sì, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń yí padà. Apá méjì ni, èèyàn ò sì lè bẹ̀rẹ̀ èkejì láìparí àkọ́kọ́. Físíìsì tí wọ́n fẹ́ ni èyí tó ń lo ìṣirò yẹn, tó sì ní láàbù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ yìí, tí mi ò kùnà ọ̀kankan, màá parí nígbà tí kọ́ńtíráàtì mi ń parí, yunifásítì á gbà mí, wọ́n á sì fún mi ní fíísà akẹ́kọ̀ọ́. Bí sáà yìí bá fò mí ru, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún ṣe láàbù náà. Nígbà yẹn, kọ́ńtíráàtì ti tán. Bí kọ́ńtíráàtì bá tán, fíísà náà tán nìyẹn, wọ́n á dá mi padà sílé pẹ̀lú ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni kálíkúlọ́sì, ìyẹn ò ní wàhálà. Mo béèrè ọjọ́ láàbù.

"Ọjọ́ Ìsinmi," ló wí. "Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rántí bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n ń dúró dè mí níbi tí wọ́n ti ń ta tíì karak ní Rolla. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bínú sí obìnrin náà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó mọ direct entry rárá?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní direct entry níbí."

Wọ́n wo inú ife wọn. Èrò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ sí ibùdókọ̀. "Mo ṣì ẹ́ lọ́nà nìyẹn," ni wọ́n wí.

Mo ní rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lè sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá mi bu ìrẹsì pamọ́. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi ṣọ́ gééètì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí n máa lọ sí láàbù.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Mi ò ní lè lọ sí ti ọjọ́ Ìsinmi fún ìgbà díẹ̀."

"Wallahi, mi ò ṣe." Wọ́n gbé ife kalẹ̀. "Tí mo bá dúró fún ẹ kó o lọ sin Ọlọ́run, mo ní láádá níbẹ̀. Tí mo bá dúró fún ẹ kó o má lọ, ta ló máa gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀? Èmi náà ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ò tíì tó mi gbé, kí n tún wá máa ru ti Kìrìsìtẹ́nì? Màmá gbé ẹ lé mi lọ́wọ́. Mo ti ṣèlérí fún wọn. Khalas, má sọ ọ́ mọ́."

Mo bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo bínú débi pé tí a bá wà nínú metro, mo máa ń jókòó síbi tí mi ò ti ní rí ojú wọn. Ó sàn kí wọ́n bá mi jà, ṣùgbọ́n wọn ò bá mi jà. Wọ́n ṣì ń bo oúnjẹ mi sílẹ̀, wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì mi láàárọ̀. Mo rò ó pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n máa wá èyí tí kò ní gba ọjọ́ Ìsinmi mi. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: iṣẹ́ ló ni fíísà tí mo fi ń mí ní ìlú náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí fọ́ọ̀kílífùtù yẹn tó ń gbé ẹrù gòkè, ọkàn mi á fà sí i, á sì tún bàjẹ́.

Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló là á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n na fóònù wọn sí mi. "Pe Màmá. Àwọn ni mo ṣèlérí fún. Tí wọ́n bá tú mi sílẹ̀, mo bọ́. Mi ò lè dá ara mi tú."

Mo pè wọ́n. Ìyá mi ń ránṣọ lọ́wọ́, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ wọn tó ń sáré. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọn ò lè ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè?" ni wọ́n bi mí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ dígí àti abẹ́rẹ́ orí pátákó fún wọn, ohun tí mi ò sọ fún wọn rí. Mo ní, "Màmá, mo gba máàkì lórí ohun tí mi ò fojú rí. Mo fẹ́ rí i."

"Ìgbàgbọ́ ńkọ́?" ni ìyá mi wí. "Ṣé ohun tá a fojú rí nìyẹn náà?"

Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Alájì. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró kí wọ́n tó gbà á, bí ẹni pé ìyá mi ń rí wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Rárá, Màmá. Ọjọ́rú? Insha Allah, màá lé e lọ fúnra mi. Ẹ ṣé, Màmá." Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà, ẹ̀rín ti gba ojú wọn. Ìyá mi ti tú wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ méjì ló bá a wá. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ tí n kì í lọ síbi iṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ pa ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì jẹ. Èkejì, bí mo bá ti jáde ní láàbù, kí n pe àwọn, kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Wọ́n ní bí mo bá gba ìwàásù lọ́wọ́ àwọn, ó yẹ kí n fi nǹkan dí i.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì mi, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n wá ní, "Dìde. Máa lọ síbi tó ò ń lọ."

Láàbù náà kò tóbi, ó ń rùn bí ilé tuntun. Ọmọ Íńdíà kan láti Kerala, tó ń ta fóònù ní ọjà Naif, ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ mi pé kí a jọ máa ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé irin gígùn kan síwájú wa, tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, àti ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan tí afẹ́fẹ́ náà ń gbé dúró. Mo fi ìka kan ṣoṣo tì í. Ó lọ. Kò sí ohun tó dá a dúró, kò pariwo, ó ń lọ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Omi lé sí mi lójú, mo sì ṣe bí ẹni tó ń wo aago. A wọn bó ṣe ń sáré, a kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́mbà wa kò sì bá ti inú ìwé mu. Mo pe olùkọ́ pé a ti ṣì í. Ó wò ó, ó ní, "Ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sọ ìdí tó fi yàtọ̀." Láyé mi, mi ò tíì ní nọ́mbà tó jẹ́ tèmi rí.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí mo bá ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Deira ní Dubai kí n lè wọ metro lọ síbi iṣẹ́, màá pe ìyá mi. Wọ́n á ti dé láti ìsìn kùtùkùtù, wọ́n á ti bọ́ gèlè. Mo sọ fún wọn nípa ọkọ̀ tó ń lọ lórí afẹ́fẹ́, nípa ìdí tí fọ́ọ̀kílífùtù kì í fi í dojú dé, nípa irin tó máa ń gùn sí i bí oòrùn bá pa á. Ìyá mi máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bí ó bá yé wọn, wọ́n á ní "Àmín," kí wọ́n tó rántí pé kì í ṣe ìwàásù.

Èmi gan-an, kì í ṣe físíìsì nìkan ni mò ń tìtorí ẹ̀ pè. Lẹ́yìn ohùn wọn, mo máa ń gbọ́ adìẹ àwọn ará ilé kejì, mo máa ń gbọ́ ọmọ tó ń gún nǹkan. Nígbà òjò, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé fóònù sí ojú fèrèsé, kí n gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù. Ní Sharjah, eruku ló ń rọ̀ sórí wa.

"Òjò lo fẹ́ gbọ́ ni, àbí èmi?" ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀yin méjèèjì, Màmá."

Àárò wọn ń sọ mí, ó máa ń gbé mi láyà lójijì níwájú gééètì, tí awakọ̀ á máa fọn fèrè ọkọ̀ kí n tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àárò ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ náà ń sọ mí. Mo ti sọ fún ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí yunifásítì bá gbà mí, ìlú yìí náà ni màá wà. Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí ọkàn gbà kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n ṣì ń sọ pé, "Bí kọ́ńtíráàtì yìí bá parí, tó o bá dé." Wọ́n ní kí bíríkìlà tún ògiri yàrá mi rẹ́, wọ́n bi mí irú ọ̀dà tí mo fẹ́. Mo ní èyíkéyìí tó bá wù wọ́n.

Kálíkúlọ́sì fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n kò pa mí. Mo parí apá àkọ́kọ́, mo wọ èkejì. Nígbà tí sáà ń lọ sópin, obìnrin ọmọ Lẹ́bánónì náà tún pè mí, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó jókòó. Yunifásítì ti gbà mí, bí mo bá ṣáà ti parí ohun tó kù dáadáa. Mo sá lọ sí Rolla. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́, wọ́n gbé mi sókè níwájú gbogbo èèyàn, èmi tí mo wúwo jù wọ́n lọ.

"Direct entry!" ni wọ́n ń pariwo. "Ṣé mi ò sọ fún yín? Direct entry ni!"

Mi ò ta kò wọ́n. Nínú ayọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti di direct entry.

Mo fi ìròyìn náà pamọ́ fún ìyá mi di ọjọ́ Ìsinmi, nítorí ọjọ́ tiwa nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí a so rọ́bà kékeré kan mọ́ okùn, kí a dì í mú, kí a máa fì í yípo lókè orí wa, kí a sì wọn bí okùn náà ṣe ń fà tó. Nínú bọ́ọ̀sì, mo kọ́kọ́ sọ ìròyìn ayọ̀ fún ìyá mi. Wọ́n pariwo, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà fún mi títí bọ́ọ̀sì fi kúrò ní Sharjah. Wọ́n gbàdúrà fún Alájì náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè.

"Ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́ta, Màmá. Tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ."

"Mẹ́ta." Wọ́n húkọ́ díẹ̀. "Ó dáa. Ọlọ́run á ṣe é. Ọ̀dà yẹn á ti gbẹ dáadáa nígbà yẹn." Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde tán. "Ó yá, kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?"

Inú mi dùn pé wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ṣàlàyé rọ́bà àti okùn fún wọn. Mo ní okùn náà ń fà á wá sí àárín ní gbogbo ìgbà, kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ rárá, síbẹ̀ rọ́bà náà kì í dé àárín. Yíyípo ló ń yípo.

"Kò lè lọ, kò sì lè dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Adìẹ ń ké lẹ́yìn wọn.

"Tó bá wá rẹ ẹni tó di okùn náà mú ńkọ́?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọmọ Kerala yẹn ti yọ̀, okùn bọ́, rọ́bà náà sì lọ tààrà, ó lọ lu kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lódì kejì yàrá, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo wo ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Mo ní mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Wọ́n tún un béèrè.